Etí Ni Kí Ẹ Wò: Irú Fáìlì Tó Yẹ Lógò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìkànnì púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣí i lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ máa bá pàdé ni lógò tó há sínú àpótí funfun kan, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ aró ni wọ́n fi kun òkè ojú ìwé náà. Dísáínà kò ya àpótí kankan. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà kò sì ní kó ya á. Fáìlì tí wọ́n fi gbé lógò sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé àpótí wá. Nígbà mìíràn, àpótí lè má sí, àmọ́ kí etí àwọn lẹ́tà rí bàìbàì. Ọ̀rọ̀ fáìlì náà nìyẹn. Dísáínà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ́ dáadáa, kó jẹ́ pé láàárín ọwọ́ rẹ̀ sí ojú ìkànnì ni nǹkan ti bàjẹ́.

Lógò kì í ṣe fọ́tò, ohun tó sì dára fún fọ́tò lè ba lógò jẹ́. Nínú fọ́tò ojú èèyàn, àwọ̀ kan máa ń yọ́ wọ inú èkejì díẹ̀díẹ̀, láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á dé ibi tí òjìji wà. Àwọ̀ lógò kì í sábà ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ibi tí ọ̀kan bá parí sí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan láàárín. Gbogbo ẹwà rẹ̀ wà níbi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé yẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé irú fáìlì wo ló dára, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń fi dáhùn: kí ni fáìlì náà ń ṣe sí etí àwòrán?

JPEG, tí orúkọ fáìlì rẹ̀ máa ń parí sí .jpg, ló ń fìyà jẹ etí jù. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan, Joint Photographic Experts Group, ló gbé e kalẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì jáde ní 1992. Fọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Bó ṣe ń mú fáìlì kéré ni pé ó máa ń gé àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, píkísẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Á sọ ohun tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan di ìṣirò ìgbì, lẹ́yìn náà á ju àwọn ìgbì wẹ́wẹ́ tí ojú èèyàn kì í tètè rí nù. Nínú fọ́tò igbó tàbí ti ojú ọ̀run, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ṣùgbọ́n etí lẹ́tà dúdú lórí ilẹ̀ funfun, àwọn ìgbì wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ló gbé e ró. Bí wọ́n bá ti lọ, èérí aláwọ̀ eérú tín-ín-tìn-tín á yí lẹ́tà náà ká. Ẹni tó bá tún fáìlì ọ̀hún ṣí, tó fọwọ́ kàn án, tó sì tún fi pamọ́ bíi JPEG, ó ti fi kún èérí náà.

Àléébù kejì ló ń bí àpótí. Kò sí àyè nínú JPEG fún ibi tí kò ní àwọ̀. Bí dísáínà bá fi ẹ̀yìn lógò sílẹ̀ lófìfo, tí ẹlòmíràn wá sọ ọ́ di JPEG, áàpù tó fi ṣe é á wá àwọ̀ kan dí òfìfo yẹn. Funfun ló sì sábà máa ń jẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, WhatsApp ni ọ̀pọ̀ lógò ti ń di JPEG láìsí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Dísáínà kan ní Ṣómólú á parí iṣẹ́ nínú CorelDRAW, á fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. WhatsApp á fún un mọ́ra kó má baà jẹ dátà, òfìfo ẹ̀yìn rẹ̀ á sì bá a lọ. Oníbàárà á tún fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a kọ́ ìkànnì. Nígbà tó bá fi máa dé ojú ìkànnì, wọ́n lè ti fún un mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀, ká ní “document” ni dísáínà tẹ̀ nígbà tó ń fi í ránṣẹ́ ni, bí fáìlì ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ì bá ṣe dé.

Ó yẹ ká mọ bí etí ṣe ń mú lójú fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfìfo ti yé èèyàn. Ojú fóònù, píkísẹ́lì ni gbogbo rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ igun mẹ́rin tí àwọ̀ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Báwo wá ni a ṣe ń rí lẹ́tà O tó yí roboto lórí nǹkan onígun mẹ́rin? Píkísẹ́lì tí etí O bá gba àárín rẹ̀ kọjá kì í dúdú tán, kì í sì í funfun tán. Bí ìdajì rẹ̀ bá bọ́ sínú lẹ́tà, àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun ni wọ́n á fún un. Ojú wa á so gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní ìlà tó tẹ̀ dáadáa ni òun ń wò.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú yẹn, ilẹ̀ funfun ni wọ́n pò ó mọ́. Ẹ gbé lógò náà sórí ilẹ̀ aró, òrùka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ yí gbogbo lẹ́tà ká, kódà bí ẹ bá ti gé àpótí kúrò. Píkísẹ́lì etí kò gbọ́dọ̀ sọ pé eérú lòun. Ó yẹ kó sọ pé dúdú lòun, ṣùgbọ́n ìdajì òun nìkan ló wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn òun dí ìdajì tó kù. Alvy Ray Smith àti Ed Catmull ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní New York Institute of Technology ní ìparí àwọn ọdún 1970. Píkísẹ́lì ní nọ́ńbà mẹ́ta tẹ́lẹ̀, tó ń sọ iye pupa, àwọ̀ ewé àti aró tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìkẹrin kún un, wọ́n pè é ní alpha, òun ló ń sọ bí píkísẹ́lì náà ṣe dí tó tàbí bó ṣe mọ́ gaara tó.

GIF tí CompuServe ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1987 kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ 256 ni àwòrán kan lè ní nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi òfìfo kún un ní 1989, ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí a mú ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ yẹn, kí a ní kó má hàn mọ́. Píkísẹ́lì á hàn tán tàbí kó má hàn rárá, kò sí ìdajì, ìdí nìyẹn tí etí lógò tó jẹ́ GIF fi máa ń rí gbágungbàgun. GIF tún ko wàhálà òfin. Ní ìparí 1994, iléeṣẹ́ Unisys, tó ní ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tí GIF fi ń fún àwòrán mọ́ra, ní kí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwia máa sanwó fún un. Inú bí àwọn èèyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1995, Thomas Boutell gbé àbá irú fáìlì tuntun kan síta tí ẹnikẹ́ni kò ní gba owó lé lórí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé sì bá a tún un ṣe. W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Òun ni PNG.

PNG kì í ju nǹkan kan nù. Bí ẹ ṣe fi píkísẹ́lì sínú rẹ̀ ni ẹ ó ṣe bá a. Alpha rẹ̀ ní ìpele 256, láti òfìfo gbáà dé dídí pátápátá, nítorí náà etí lógò á bá ilẹ̀ èyíkéyìí mu, ìbáà jẹ́ aró, ìbáà jẹ́ fọ́tò ọjà. Ó pẹ́ kí aráyé tó jẹ àǹfààní yìí ṣá o. Internet Explorer 6, bráúsà tí èèyàn púpọ̀ ń lò nígbà náà, máa ń fi àwọ̀ kan dí ibi tó yẹ kó mọ́ gaara; ìkeje rẹ̀ tó jáde ní 2006 ló tún un ṣe. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ìkànnì láyé ìgbà yẹn, á ní ìtàn sọ. Bí áàpù yín bá bi yín bóyá PNG-8 tàbí PNG-24 ni ẹ fẹ́, PNG-24 ni kí ẹ mú. PNG-8 kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfìfo rẹ̀ nínú áàpù mìíràn kò yàtọ̀ sí ti GIF.

Ẹ̀tàn kan wà tó ń mú èèyàn púpọ̀. Àwọn áàpù àwòrán máa ń fi igun mẹ́rin funfun àti eérú tó pín ara wọn lójú hàn wá pé ibẹ̀ ṣófo. Ẹni tó ń wá lógò lórí Google á rí àwòrán tó ní irú igun mẹ́rin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, inú rẹ̀ á dùn, á gbà á sílẹ̀, á gbé e sórí ìkànnì. Igun mẹ́rin náà á bá a dé ibẹ̀, nítorí ńṣe ni ẹnì kan kùn wọ́n mọ́ àwòrán náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni .png tó wà níparí orúkọ fáìlì kò ní kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó sọ JPEG di PNG, àpótí funfun àti èérí etí náà ló tọ́jú pamọ́ láìjẹ́ kí nǹkan kan sọnù nínú wọn.

Síbẹ̀, PNG kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ mú. SVG ni.

Gbogbo fáìlì tí mo ti dárúkọ, píkísẹ́lì ni wọ́n tò jọ. SVG kò ní píkísẹ́lì kankan nínú. Àṣẹ ló wà nínú rẹ̀, tí èèyàn lè ṣí kó sì kà: fa ìlà láti ibí dé ibẹ̀, tẹ̀ ẹ́ báyìí, fi àwọ̀ yìí kún inú rẹ̀. Bráúsà ló ń ka àṣẹ náà tó sì ń ya àwòrán lójú ẹsẹ̀, ní ìwọ̀n tí ojú ìwé bá fẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti PNG ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n sí àti bùbá tó ti rán. Ẹ fa bùbá ọmọdé títí, yóò ya ni. Ẹni tó ní ìwé ìwọ̀n lọ́wọ́ á ṣe ìṣirò rẹ̀, á sì rán ti bàbá ọmọ náà. Odidi òbìrípo aláwọ̀ aró, àṣẹ rẹ̀ nìyí:

<circle cx="50" cy="50" r="40" fill="navy"/>

Àmì 44 péré, pẹ̀lú àyè tó wà láàárín wọn. Ìbáà tóbi bí orí abẹ́rẹ́, ìbáà kún pátákó ojú títì, etí rẹ̀ á mú bákan náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì nílò pé kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di òfìfo, nítorí ibi tí a kò bá pàṣẹ pé kí wọ́n ya nǹkan sí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

W3C fọwọ́ sí SVG ní 2001, ṣùgbọ́n Internet Explorer kò kà á títí ìkẹsàn-án rẹ̀ fi jáde ní 2011. Lónìí, gbogbo bráúsà tí èèyàn ń lò ló ń kà á. Google fi agbára rẹ̀ hàn wá nígbà tí wọ́n yí lógò wọn padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀dà kan tí kò ju báìtì 305 lọ, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ tó nǹkan bíi 14,000. Lẹ́tà àtijọ́ ní ìrù kéékèèké lẹ́nu, ó sì wúwo débi pé àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò lágbára kì í rí lógò gidi. Ọ̀rọ̀ tó fara jọ ọ́ ni wọ́n ń kọ fún wọn. Ìlà tààrà àti òbìrípo ni wọ́n fi ya lẹ́tà tuntun, àṣẹ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé yíyà tó rọrùn ló fún wọn ní fáìlì kékeré. Lógò tó jẹ́ fọ́tò olùdásílẹ̀, tàbí èyí tí òjìji àti àwọ̀ yíyọ́ kún inú rẹ̀, SVG rẹ̀ lè wúwo ju PNG lọ.

Àwa tó ń kọ Yorùbá ní ọ̀ràn tiwa níbí, èyí tí àwọn tó ń kọ́ni lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà rántí. Ká ní ẹnì kan ń ta òfì ní Ìṣẹ́yìn, tó sì fẹ́ kí “Aṣọ Òfì” wà nínú lógò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì. Lẹ́tà lè wà nínú SVG gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ó sì lè wà gẹ́gẹ́ bí ìlà tí a yà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ohun tí fáìlì ń sọ fún bráúsà kò ju pé kó kọ “Aṣọ Òfì” ní fọ́ǹtì lágbájá. Fóònù ẹni tó ń wò ó lè má ní fọ́ǹtì náà, á sì mú òmíràn. Èyí tó mú yẹn lè má ní ṣ tàbí ọ, á wá yá wọn lọ́wọ́ fọ́ǹtì kẹta. Bí A ṣe sanra ni ṣ á tín-ín-rín, àmì ohùn orí O lè kúrò láàyè rẹ̀ kó lọ fara ti f. Lórí kọ̀ǹpútà dísáínà, gbogbo rẹ̀ dára, torí fọ́ǹtì wà níbẹ̀. Ojú oníbàárà ni ìtìjú ti ń ṣẹlẹ̀.

Kí dísáínà sọ lẹ́tà di ìlà kó tó gbé SVG jáde. Nínú CorelDRAW, “Convert to Curves” ni, Ctrl+Q sì ni wọ́n ń tẹ̀. Nínú Illustrator, “Create Outlines” ni. Láti ìgbà náà, lẹ́tà kò tún nílò fọ́ǹtì mọ́, bó ṣe wà náà ni yóò máa wà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tẹ lẹ́tà sí i láti tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ àmì Yorùbá kà á kó tó di ìlà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbà kí “Aso Ofi” kọjá, orí pátákó, ara báàgì àti ara mọ́tò ni yóò bá a dé.

Àmì abẹ́ lẹ́tà yìí kan náà ni JPEG máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí lógò bá kéré, píkísẹ́lì kan tàbí méjì ni àmì abẹ́ ọ ní. Ìgbà tí JPEG bá fi máa pò ó mọ́ ohun tó yí i ká, ọ ti fẹ́ di o. SVG àti PNG kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ààyè náà bá kéré tó ti àmì orí táàbù bráúsà, kò sí fáìlì tó lè gba odidi orúkọ là. Lẹ́tà kan tàbí àwòrán inú lógò ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Àwọn SVG kan wà tó jẹ́ ayédèrú. Nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń sọ PNG di SVG lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn kàn máa ń ki PNG odidi sínú fáìlì tó ń jẹ́ .svg ni. Ẹ fi Notepad ṣí i. Bí ẹ bá rí path, circle, rect, ó dára. Bí ẹ bá rí image, tí òkìtì lẹ́tà tí kò nítumọ̀ sì tẹ̀ lé e lójú ìwé lọ, PNG ni ẹ rí yẹn. Ẹ tún wò ó bóyá viewBox wà lókè fáìlì náà. Bí kò bá sí, bráúsà lè má mọ bó ṣe yẹ kó dín in kù tàbí kó fẹ̀ ẹ́, kó kàn gé e. Èèyàn sì lè fi JavaScript pamọ́ sínú SVG, ìdí nìyẹn tí WordPress kì í fi í gbà á láìjẹ́ pé ẹ fi plugin kan kún un. Bí ẹ bá fi img pè é sójú ìwé, bráúsà kì í jẹ́ kí irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Bó bá wá di PNG dandan, ìwọ̀n ni kí ẹ ṣọ́. Láti ìgbà tí iPhone 4 ti jáde ní 2010 ni ojú fóònù ti ń kó píkísẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta sí ààyè tí ẹyọ kan ń gbà tẹ́lẹ̀. Ojú ìwé á ní kí lógò fẹ̀ tó 180, fóònù á ní píkísẹ́lì 360 tàbí 540 nílẹ̀ fún un. PNG tó fẹ̀ tó 180 gẹ́lẹ́, fóònù á fà á kó lè kárí, bàìbàì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e jáde ní ìlọ́po méjì, 360 sí 120 fún ààyè 180 sí 60. Ẹni tó bá mọ srcset lò lè fi ìlọ́po mẹ́ta tì í. Kì í wá ṣe pé kí ẹ gbé èyí tó fẹ̀ tó 4,000 síbẹ̀ o. Ẹni tó ń ṣí ìkànnì yín ló ń ra dátà.

WebP tí Google gbé jáde ní 2010, àti AVIF tó dé ní 2019, àwọn méjèèjì ní alpha, wọ́n sì sábà máa ń kéré ju PNG. Fún fọ́tò, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí wọn. Fún lógò, èrè ibẹ̀ kò tó ariwo rẹ̀, nítorí PNG lógò tó mọ níwọ̀n kì í ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ WebP ṣá, “lossless” ni kí ẹ yàn. Irú rẹ̀ kejì máa ń ju nǹkan nù, etí ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí SVG kì í wọ̀. Gmail kì í fi í hàn nínú lẹ́tà, PNG ni kí ẹ lò níbẹ̀. Àwòrán tí Facebook àti WhatsApp ń fi hàn nígbà tí èèyàn bá pín línkì ìkànnì yín, PNG tàbí JPEG ni wọ́n ń fẹ́, ó sì dára kí ẹ kun ilẹ̀ rẹ̀, torí ẹ kò mọ àwọ̀ tí wọ́n máa gbé e lé. Àmì 180 sí 180 tí iPhone máa ń gbé sójú fóònù nígbà tí èèyàn bá tọ́jú ìkànnì síbẹ̀, bí ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, dúdú ni iPhone á fi dí i. Lógò dúdú á sì pòórá sínú rẹ̀. Irú ewu yìí kan náà wà lójú ìkànnì tó ní àwọ̀ òru: lógò dúdú tí kò ní ẹ̀yìn kò ní hàn nígbà tí ilẹ̀ bá di dúdú. SVG lè gbé àṣẹ prefers-color-scheme sínú ara rẹ̀, kó dúdú lọ́sàn-án, kó funfun lóru. PNG kò lè ṣe é, ẹ̀dà méjì ni ẹ máa ní.

Kí ẹ tó san ìyókù owó dísáínà, ẹ gba fáìlì tó fi ṣiṣẹ́ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ .cdr tàbí .ai, pẹ̀lú SVG tí lẹ́tà rẹ̀ ti di ìlà, àti PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ọ̀kan tó dúdú, ọ̀kan tó funfun. Kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bíi document. Bó bá jẹ́ pé dísáínà ti kó lọ, tó wá jẹ́ JPEG orí WhatsApp nìkan ló kù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé áàpù tó ń tọ etí àwòrán láti sọ ọ́ di SVG, nítorí èérí JPEG ni yóò máa tọ̀ kiri, àwọn lẹ́tà á sì yọ kókó. Ẹ wá ẹni tó máa fọwọ́ tún un yà nínú Inkscape, áàpù tí a kì í sanwó fún. Lógò tó rọrùn, tí a sì mọ fọ́ǹtì tí wọ́n fi kọ ọ́, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.